Ẹ̀bẹ̀ Tí Ọmọ Náà Kò Rán Mi

Èmi kì í ṣe ẹni rere, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbínú ló gbé mi débi tí mo ti lọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dallas. Iṣẹ́ wa ni láti máa gbé ìrẹsì àti òróró lọ fún àwọn tí nǹkan ò rọrùn fún, àwọn tí à ń gbé e fún sì rèé, ọkọ̀ wọn dára ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá bá wa pé wọ́n ti lé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun jáde nílé nítorí pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́, pé ṣé a lè bá òun wá ibi tó máa sùn. Ìgbìmọ̀ mi fi wákàtí méjì jíròrò lé e lórí, wọ́n wá pinnu pé ká fi àdúrà sí i. Bí ẹni pé Ọlọ́run ló ń ta bẹ́ẹ̀dì. Mo kó ìwé mi, mo ní kí wọ́n wá alága mìíràn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà o. Ìwà ọ̀lẹ ni mo kórìíra.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí ló sọ fún mi nípa ilé kan ní àárín Dallas tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n sì mọ̀ nínú ara wọn pé àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì oníṣègùn eyín ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti wá fi ẹ̀rọ ìfọṣọ síbẹ̀, wọ́n ṣe ilé ìwẹ̀ méjì, wọ́n to kọ̀ǹpútà mẹ́ta sára ògiri, wọ́n sì ní kíṣínì kékeré kan. Wọn kì í sùn síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ibi tó máa sùn, àwọn òṣìṣẹ́ ló máa ń bá a wá yàrá lọ́dọ̀ àwọn tó ti gbà láti fi ọmọ wọ̀ sílé wọn. Ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni mo máa ń wakọ̀ lọ láti Balch Springs. Mo máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún wọn, mo sì máa ń dáná.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ìwà ọ̀lẹ ò kan ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Àwọn olówó ìlú yìí a máa kó ẹrù wá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n á ní kí a ya àwọn ní fọ́tò. Ẹ tú àpò wọn kí ẹ wò ó. Bàtà gíga tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó. Agolo ọbẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí Kòrónà tó dé. Obìnrin kan kó abẹ́là olóòórùn dídùn mọ́kànlélógún wá fún ọmọ tí kò ní yàrá. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú gáábéèjì níṣojú rẹ̀, wọ́n sì bá mi wí.

Ẹni tó bá mi wí ni òṣìṣẹ́ àgbà ibẹ̀, ọmọ Mẹ́síkò kan tí wọ́n bí sí Texas, tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi. Mo kọ́kọ́ fojú pa á rẹ́. Kò sí ohun tí kì í tọrọ àyè kó tó ṣe. Ṣé mo lè jókòó síbí? Ṣé o fẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn àbí kí n ṣí i sílẹ̀? Ọmọ tí ebi ń pa títí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ó ń bi í bóyá ó fẹ́ jẹun. Nígbà tó ń kọ́ àwa tuntun níṣẹ́, ohun méjì ló tẹnu mọ́. Èkíní, a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òbí, pé ọmọ báyìí báyìí ń wá síbẹ̀. Èkejì, bí ọmọ ò bá sọ pé rárá, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó ti gbà. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Níbo ni wọ́n ti bí ọmọ tó máa wojú àgbà, tó máa ní rárá? Mo ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, mò ń dín dòdò nígbà tí ọmọbìnrin kan wọlé, ó gbé àpò ìwé kọ́ ẹ̀yìn, ó sì gbé nylon Walmart kan dání. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ó ń jẹ ẹyin. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà.”

Ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, ọmọ Yorùbá kankan ò tíì wọlé, mo sì ti jẹ́ kí ìyẹn máa dùn mọ́ mi nínú bí ẹni pé tiwa yàtọ̀. Òun náà ti rí i pé òun ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí òun ń sá fún. Ó ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà kó tó bi mí pé, “Please, ma, do you know my dad?” Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, kó jókòó kó jẹun. Ó jókòó sí etí àga.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Lewisville ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ̀ ló rí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà àti ọmọbìnrin kan jọ ń kọ sí ara wọn lórí fóònù. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbààwẹ̀ lé e lórí, bàbá wá ní kó yàn nínú méjì: kó yí padà tàbí kó jáde. Ó jáde. Orí àga pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Lancaster ló ń sùn sí, ìyá ọ̀rẹ́ náà sì ti ń mí kanlẹ̀ bí ó bá ti rí i. Ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀ fẹ́ gbà á síṣẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti gbà á láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti oṣù kẹjọ. Ìwé ló dí gbogbo rẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ àti káàdì social rẹ̀, tí wọn kì í gbani síṣẹ́ láìsí i, wà nínú àpótí irin ní yàrá bàbá rẹ̀, bàbá sì ní kò ní í rí wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ àgbà ti bá a rí yàrá lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà méjì kan tí wọ́n ti jọ ń gbé bíi tọkọtaya láti ìgbà èwe wọn. Ti ìwé ló kù. Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù láti gba òmíràn. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ló máa jáde. Òṣìṣẹ́ àgbà ní oṣù mélòó kan ni, òun ò lè sọ iye rẹ̀.

Ìbínú mi dé. Oṣù mélòó kan, fún ìwé tó wà nínú àpótí ní Lewisville, tí n ò ní í fi tó wákàtí kan wakọ̀ débẹ̀? Nígbà tí oṣù kẹjọ bá kọjá ńkọ́? Àwa ní bí a ṣe ń ṣe irú èyí nílé. Bí ọmọ bá ṣẹ òbí rẹ̀, á wá àgbà tó máa bá a bẹ̀bẹ̀. Bàbá tó bá ti àgbà mẹ́ta padà lẹ́nu ọ̀nà, ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́. Èmi fúnra mi lóyún nílé bàbá mi ní Ọ̀ṣogbo, bàbá mi lé mi, àwọn àgbà mẹ́ta sì mú mi lọ síwájú rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí mo fi wọlé padà. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi pé oògùn náà ń jẹ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo bá ọmọ náà níbi tó ti ń ká aṣọ. Mo ní, “Mo fẹ́ lọ rí dádì ẹ nítorí àwọn ìwé yẹn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. “Ma, they said we should wait for the forms.”

“Ṣé fọ́ọ̀mù ló bí ẹ ni? Ṣé o fẹ́ kí n lọ àbí o ò fẹ́?”

Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó wolẹ̀. “Yes, ma.”

Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nìyí. Mi ò bi ara mi pé kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ ìbá sọ fún mi bí kò bá fẹ́.

Mo lọ wá bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyàwó rẹ̀. Kò sí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí bàbá yìí kì í gba máìkì, bó bá sì ti gbà á, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ yín tutù. Mo ṣàlàyé fún un yékéyéké pé ìwé nìkan la fẹ́ gbà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó pa òwe àgbà kì í wà lọ́jà, bí gbogbo irú wọn ṣe máa ń pa á. Nínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ bi mí pé níbo lọmọ náà wà gan-an. Ẹnu mi kò ní ilẹ̀kùn. Mo sọ ilé náà, mo sọ àdúgbò rẹ̀, mo tún ṣàlàyé àwọ̀ tí wọ́n kùn ún.

Nígbà tí a dé Lewisville, bàbá ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá wa, tíṣà àgbà náà. Ìyá gbé mọ́ọ̀tì àti mííìtì páì wá. Fọ́tò ọmọ náà ṣì wà lára ògiri nínú aṣọ ìparí ẹ̀kọ́. Fọ́tò kì í jiyàn. Wọ́n béèrè àlàáfíà wa, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn tí wọn ò mọ̀ rí, bàbá wa wá wúkọ́, ó ní ẹ̀bẹ̀ ni a bá wá.

“Ẹ ṣeun tí ẹ wá, sà,” bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “But kí lẹ ń bẹ̀ mí fún? Kí lọmọ yẹn ṣe?”

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là, ó sì ti pẹ́ jù. A kì í bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, a ti dá ọmọ náà lẹ́bi kí a tó jókòó. Oyún tèmi nílé bàbá mi, ó ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún, nítorí èmi náà gbà pé mo ṣe àṣìṣe. Kí lèyí ṣe? Bàbá wa kò wá ìdáhùn jìnnà. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni, Amẹ́ríkà ló kó bá a, ọmọdé ò mọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú mííìtì páì lẹ́nu.

Mo lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo lè ní, ọmọ yín ò ṣẹ̀ yín, ẹ fún wa ní ìwé rẹ̀ ká máa lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo àpótí tó wà lọ́kàn mi, mo wo ìwé tó wà nínú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi arúgbó ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó ń pe àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀lẹ.

“Ẹ forí jì í, sà. Ó ti mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe.”

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Inú bàbá náà dùn. Ó ní Ọlọ́run ti ṣe é. Ó ní kí ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sọ́ńdè, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ níwájú ìjọ, òun á sì gbé ìwé rẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó wá béèrè ibi tó wà. Kí n tó la ẹnu, ìyàwó bàbá wa ti sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àwọ̀ ilé. Ẹ wá wo alàgbà yìí o, ẹni tó ń kó àwọn ọmọ ìjọ lọ jẹ pizza lóṣooṣù, tó ń ran àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ láti wọ yunifásítì. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, àwa àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọmọ náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀, tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ó fi nǹkan tó fi fóìlì wé lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ bá mi fún un, mà. Mọ́ín-mọ́ín ni.”

“Ẹ̀yin ò lè bá wa mú ìwé yẹn ni?”

“Dádì wọn ló ni key, mà.”

Obìnrin tó ń pàṣẹ fún ogún nọ́ọ̀sì, tó ń bá ọkọ rẹ̀ san owó ilé, kò ní kọ́kọ́rọ́ àpótí inú ilé náà. Mo ṣíjú wò ó láti òkè délẹ̀. Kò ṣe mí láàánú nígbà náà, kò sì tíì ṣe mí láàánú títí di òní. Lójú ọ̀nà, bàbá wa gbé orí sẹ́yìn lórí àga ọkọ̀ mi, ó ní, “It went well.”

Mi ò pe ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò pè é ní Sọ́ńdè. Mi ò ní ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́. Ní Túsìdeè, mo gbé mọ́ín-mọ́ín náà lọ, mo ṣì ń wá bí mo ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà hàn án bí nǹkan kékeré. Ó tú fóìlì, ó gé díẹ̀ sẹ́nu, ó sì dúró. Ó mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

“Ma, how did you get this?”

Ibẹ̀ la wà nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn gíláàsì iwájú. Bàbá rẹ̀ ni, pẹ̀lú pásítọ̀ àti ọkùnrin méjì tó di ìgò òróró mú. Ọmọ náà sá wọ ilé ìwẹ̀, òṣìṣẹ́ àgbà sì tẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù bẹ́ sẹ́yìn àga. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ pé ó ti ga tó ilẹ̀kùn, ń gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Bàbá náà kò pariwo. Ó ń fi oríkì ọmọ rẹ̀ pè é, ó ń pè é jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ jẹun.

“Jáde wá. Mummy kan ti wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ. They told us o ti gbà pé o ṣe wrong.”

Ó wá rí mi láti ojú gíláàsì, níbi tí mo dúró sí lẹ́bàá sítóòfù. Ó tẹ orí ba.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ ṣeun gan-an, mà.”

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Òṣìṣẹ́ àgbà náà wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sí àwọn ará ìta lẹ́ẹ̀kan péré, pé tí wọn ò bá lọ, òun á pe ọlọ́pàá. Wọ́n fi òróró ra ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ó ní kí n jókòó.

“Did you ask her?”

Mo ní mo bi í. Mo ní ó ní yes.

“How did she say it?”

Mo ṣàlàyé fún un. Orúnkún tó tẹ̀, ojú tó wolẹ̀, àti ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ sọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Ọmọ náà ti sọ rárá fún mi ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ọ pé kó fi sọ ọ́ fún àgbà. Èmi tí mo bá a jọ ní èdè kan náà ni mi ò gbọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ò wá síbẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Oṣù kẹjọ kọjá lórí ọmọ náà. Fọ́ọ̀mù tí mo fojú tẹ́ńbẹ́lú ló padà gba ìwé rẹ̀ fún un, oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹlòmíràn ló sọ fún mi.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá tú àṣírí ọmọ kò gbọdọ̀ wá mọ́, àfi bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá ní kó padà wá. Lọ́sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ wá yẹn, òṣìṣẹ́ àgbà ní òun á bi í. Mo ní rárá, kó jẹ́ kí n bi í fúnra mi, tó bá jẹ́ pé ọmọ náà gbà láti rí mi. Ọmọ náà gbà. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé kò lè wo ojú mi kó kọ̀ mí, mo sì fẹ́ lo ohun tí mo ti fi pa á lára lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ náà, mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè, kí n lè jọ ìyá àgbà rẹ̀ dáadáa. Yorùbá ni mo sì sọ, kí ọmọ Mẹ́síkò tó jókòó tì í má bàa gbọ́.

“Ọmọ mi, mo ti ṣe àṣìṣe. Ṣé o fẹ́ kí n ṣì máa wá síbí?”

Ó dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo bàtà mi. Ọkàn mi balẹ̀.

“Rárá, mà,” ó wí. “Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wá mọ́.”

Mo ní kó dìde. Kò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà títí mo fi rí àpò mi, tí mo sì jáde.